Wèrèpè Níwájú Àna

Ọjọ́ tí Ayọ̀díjí kọ́kọ́ fojú kan Wàlíyátù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ẹ̀wù ara rẹ̀. Ó ń họ àyà, ó ń họ ẹ̀yìn, ó sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún họ ojúgun òsì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù oògùn kan lójú ọ̀nà Ìwó ní Ẹ̀jìgbò, tí àwọn tó ń kọjá sì ń yà fún un, nítorí wọ́n rò pé ijó ló ń jó.

Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn káńtà gbójú sókè. Adúmáadán ni, ìbòrí aláwọ̀ ewé ló wé, ó sì ní èjí. Ayọ̀díjí tí gbogbo ara ń ta bí iná rí èjí yẹn, ó sì gbàgbé láti họ ara. Kò pẹ́ púpọ̀ kí ara tó rán an létí.

"Àǹtí, ẹ ṣàánú mi. Èyí tó bá le jù lọ nínú oògùn yín ni kí ẹ fún mi."

"Ẹ káàsán ná," ni ọmọbìnrin náà wí. "Kí ló kàn yín lára?"

"Wèrèpè ni. Oko ni mo ń ro ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mi ò mọ̀ pé ó ti fà wọ inú ẹ̀gẹ́ mi. Bí mo ṣe fà á báyìí, gbogbo irun ara èso rẹ̀ dà lé mi lórí."

Ọmọbìnrin náà gbóòórùn rẹ̀, ó sì fajú ro. "Òórùn yìí kì í ṣe ti wèrèpè. Kí lẹ fi para?"

"Ìyá mi ló fi ìpara Àbíjàn pa mí lára. Ó gbóná bí ata."

Àṣàkẹ́ ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ti pẹ́ ní Àbíjàn kí ó tó padà wálé, ó sì gbé agolo ìpara pupa kan bọ̀ tó gbàgbọ́ pé kò sí ohun tí kò lè wò. Orí fífọ́ ni o, inú rírun ni o, kòkòrò ló jẹni ni o, agolo náà ni. Bí ó bá ń fi pa èèyàn, tí onítọ̀hún ń ké, yóò máa wí pé, "Sà fà àlé!", èyí tí í ṣe "yóò dára" lédè Faransé. Kò tíì sí ẹni tó dára fún lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ yọwọ́ kúrò lára!" ni ọmọbìnrin náà pàṣẹ. "Bí ẹ bá ń họ ọ́, ṣe lẹ̀ ń ti irun náà wọlé sí i. Ẹ lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn sínú ọ̀rá, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù ṣan ara yín dáadáa. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á o."

Nígbà tí Ayọ̀díjí padà dé, tí omi ń ro tótó lára rẹ̀, ọmọbìnrin náà ti mú ìpara kékeré kan jáde. Ó kọ́kọ́ wo déètì ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ ìwọ̀nba bí ẹyọ ẹ̀wà kan sórí ìka.

"Bó ṣe tó nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi tín-ín-tín sínú apá, kí ẹ wò ó bóyá yóò bá ara yín mu. Bí kò bá ta yín, ẹ wá fi pa ibi tó ń yún yín fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Kò gbọdọ̀ kan ojú, kò gbọdọ̀ kan ibi tó bá ti bó. Ẹ má fi aṣọ dì í. Ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ ti màmá yín. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò lọ, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ gba ọsibítù lọ. Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́ ni mo wí?"

Ohùn náà ni Ayọ̀díjí ti ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò gbọ́ ohun tí ohùn ń sọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà," ló dáhùn.

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, èjí yọ gbangba. "Bọ̀dá Ahọra, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ."

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé oògùn náà ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ara Ayọ̀díjí ti jọ̀lọ̀. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ṣe ni Ayọ̀díjí jókòó sí ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tó ń wo apá tó san bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Kí ni yóò wá wí pé òun ń wá lọ sí Ẹ̀jìgbò? Akin ni nídìí ọkọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé iwájú obìnrin tó wù ú, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Kò lè lọ dúró níwájú káńtà kí ó máa wí pé èjí ni òun wá wò.

Wèrèpè yẹn ṣì kù ní ìpẹ̀kun oko. Ó dúró, ó wò ó títí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹnìkan. Lẹ́yìn náà ó já ewé gbòòrò kan, ó fi di èso wèrèpè kan mú, ó wí pé, "Orí mi, má jẹ̀ẹ́ kí n kú," ó sì fi ra apá òsì rẹ̀.

"Ó tún ti mú yín?" ni Wàlíyátù bi í nígbà tó wọlé. Ayọ̀díjí ti mọ orúkọ ọmọbìnrin náà nísinsìnyí, ara pátákó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí.

"Ó tún ti mú mi."

Ó di apá náà mú, ó yí i sí iwájú, ó yí i sí ẹ̀yìn. Ó pẹ́ lẹ́nu wíwò náà. "Apá òsì nìkan?"

"Apá òsì nìkan ni o. Ó ya èmi náà lẹ́nu."

Ó jọ pé ẹ̀rín kan fẹ́ yọ lẹ́nu Wàlíyátù, ó sì gbé e mì. Ó ní òun kò ní ta ìpara ọjọ́sí fún un mọ́, nítorí pé kì í ṣe òróró tí à ń fi para lójoojúmọ́. Bí èèyàn bá ń lò ó ní àlòjù, ṣe ni yóò sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fi omi tútù àti ọṣẹ fọ apá náà fún un, ó fi òwú ta oògùn olómi kan sí i, aláwọ̀ bíi ti òdòdó, tó máa ń gbẹ bí ẹfun. Ó wá nawọ́ sí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ jókòó síbẹ̀ kó gbẹ."

Oògùn yẹn a máa pẹ́ kó tó gbẹ, pàápàá bí ẹni tó ni apá kò bá kánjú.

Bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ǹṣì náà ṣe di ti Ayọ̀díjí. Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, ara á ti yún un. Lónìí apá, lọ́la itan, gbogbo rẹ̀ lápá òsì. A máa mú iṣu sísun dání, a máa mú oyin. Bí oníbàárà kò bá sí, Wàlíyátù á jáde wá jókòó sí ìpẹ̀kun kejì bẹ́ǹṣì náà, yóò máa sọ ìtàn àwọn tó fẹ́ kí òun po ìpara mẹ́ta pọ̀ fún wọn kí wọ́n lè pupa kí ọdún tó dé. Láàárín iṣu àti oyin, "ẹ" di "o," "Bọ̀dá Ahọra" sì di "Ahọra mi."

"Ahọra mi, lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò," ni Wàlíyátù máa ń wí.

"Mò ń lọ, adúmáadán. Jẹ́ kí èyí gbẹ ná."

Lọ́jọ́ kan, Ayọ̀díjí ki ara rẹ̀ láyà. "Wàlíyátù, ibi tó ń yún mi gan-an, ìpara kò lè dé ibẹ̀."

"Ibo nìyẹn?"

Ó fọwọ́ lé àyà. Wàlíyátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ta etí ìbòrí rẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn, a kì í fi nǹkan pa á," ló wí jẹ́jẹ́. "Bàbá mi ni wọ́n ń lọ bá."

Làmídì ni bàbá náà, àgbẹ̀ oníṣu ni ní Màsífà, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gba Ayọ̀díjí lálejò, ó fún un ní omi, ó bi í léèrè iye ebè tó kọ lọ́dún yìí, ọmọ náà sì wù ú. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ọmọ wuni ká má wádìí ilé rẹ̀. Bó bá kan ọ̀rọ̀ fífọmọ fọ́kọ, ohun mẹ́ta ni àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń bèèrè: ṣé kò sí wèrè nílé yẹn, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀. Mùkáílà, àbúrò Làmídì, ni wọ́n rán. Mùkáílà fẹ́ràn ìwádìí bí ológbò ṣe fẹ́ràn ẹja.

Ó dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kò rí àléébù kankan, èyí sì dùn ún díẹ̀. Bí ó ṣe ń padà bọ̀, ó yà lójú ọ̀nà Ìwó, ó ní kí obìnrin aránṣọ kan fún òun lómi mu. Ọ̀ọ́kán kẹ́míìsì Wàlíyátù ni aránṣọ náà wà. Ọ̀rọ̀ Ayọ̀díjí dé ẹnu wọn.

"Ṣé ọmọkùnrin tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí wọ́n ń kun nǹkan sí lára?" ni aránṣọ wí. "Ó mà ṣe o. Ó pẹ́ tí nǹkan yẹn ti ń bá a jà. Bí wọ́n bá ṣe ń wò ó ló ń padà wá."

Mùkáílà kò mu omi náà tán.

Orí fóònù ni Ayọ̀díjí ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Bàbá mi ní àwọn kò ní fi mí fún adẹ́tẹ̀," ni Wàlíyátù wí. "Mo ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Mo ní ojú ẹ̀tẹ̀ kì í yúnni, ṣe ni ibẹ̀ máa ń kú tí èèyàn kì í mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, àti pé bó tilẹ̀ jẹ́ òun ni, oògùn rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù. Wọ́n ní kí ni í ṣe, nígbà náà? Mi ò dáhùn. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

"Wàlíyátù, kí lo fẹ́ kí n..."

Ó ti pa fóònù.

Ayọ̀díjí gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó ń rò ó. Bí ó bá dákẹ́, Wàlíyátù ti bọ́ nìyẹn. Bí ó bá sọ̀rọ̀, gbogbo Màsífà yóò gbọ́ pé ọkùnrin kan ń fọwọ́ ara rẹ̀ fi wèrèpè para nítorí obìnrin, ó kéré tán wọn yóò fi ṣẹ̀fẹ̀ títí yóò fi hewú. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún jù ni pé Wàlíyátù fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ pé gbogbo ọjọ́ ọjà wọ̀nyẹn, irọ́ ni òun ń gbé wá fún un, tí ọmọbìnrin náà sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fọ̀ ọ́.

Ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Àṣàkẹ́ gbé ọwọ́ lérí. "Mọ́ń díyẹ̀! Ọlọ́run mi! Ìwọ lo ń fi ra ara rẹ? Tí mo sì fẹ́ fi ìpara gidi wò ọ́, tó o ń sá fún mi!"

"Màmá mi, ẹ dákun. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a lọ́nà."

Wọ́n bá gbogbo ilé ní pálọ̀ Làmídì: Làmídì, ìyàwó rẹ̀ Nímọ́tà, Mùkáílà tó jókòó sí iwájú gan-an, àti Wàlíyátù tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí kò wo ojú ẹnìkan. Ooru mú, nítorí pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọn kò ti rí iná. Ayọ̀díjí dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. Ibẹ̀, pẹ̀lú àyà nílẹ̀, ló ti sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ewé gbòòrò dé orí bẹ́ǹṣì.

Mùkáílà tún fìlà ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́ o. Ó lóun fọwọ́ ara òun mú wèrèpè, òun fi para, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó dáa, a yọ ẹ̀tẹ̀ kúrò. Ṣé orí wèrè kọ́ la wá bọ́ sí báyìí?"

"Mi ò ya wèrè, sà," ni Ayọ̀díjí wí. "Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo tún ń pa, mo mú un dání nínú ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

"Má tú u nínú ilé!" ni Wàlíyátù kígbe.

Ó ti tú u. Ó yọ èso kan nínú ọ̀rá, ó fi ra apá, kò sì pẹ́ tí ibẹ̀ fi wú rúdurùdu. Làmídì tẹ̀ síwájú láti wò ó. Mùkáílà, tí kò ní gba ohun tí kò bá fojú ara rẹ̀ wádìí, fi hánkáṣíìfù gba èso náà, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó ń gbọ̀n ọ́n wò.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọmọdé hó níta pé, "Wọ́n ti múná dé!"

Kò sẹ́ni tó rántí pé fáànù wà ní títàn lókè àjà láti ọjọ́ tí iná ti lọ. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Irun wèrèpè dìde lọ́wọ́ Mùkáílà, ó sì pín ara rẹ̀ kárí ilé láìṣe ojúsàájú.

Mùkáílà ló kọ́kọ́ fò dìde. Fìlà rẹ̀ lọ síbì kan, bàtà rẹ̀ lọ síbòmíràn. Làmídì, ẹni jẹ́jẹ́, fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, ó ń gbo ó lọ sókè, ó ń gbo ó wá sílẹ̀. Nímọ́tà ń ké pe Ọlọ́run Ọba. Àṣàkẹ́ ní tirẹ̀ fi ọwọ́ kan họ ọrùn, ó sì fi ọwọ́ kejì yọ agolo pupa jáde nínú báàgì.

"Ẹ má bẹ̀rù! Sà fà àlé!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!" Wàlíyátù ti pa fáànù. Ó kúnlẹ̀ wìì fún àwọn àgbà, ó sì ń pàṣẹ lórí ìkúnlẹ̀ náà. "Ẹ má bínú o, gbogbo yín. Kí ẹnikẹ́ni má họ ara. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ojú. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí kànga. Bàbá, ẹ dákun, ẹ na ọwọ́ yín síta. Ayọ̀díjí, fa omi!"

Ayọ̀díjí fa omi. Ó da á lé wọn lọ́wọ́ àti lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, Wàlíyátù sì ń fi ọṣẹ ṣan án wọ́ọ́rọ́. Mùkáílà nìkan ni kò lè dúró kó kàn án. Ó já agolo gbà lọ́wọ́ Àṣàkẹ́, ó bu ìpara lọ́pọ̀lọpọ̀, ó fi pa gbogbo ọrùn tó ti họ bó. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí ìdí igi máńgòrò àgbàlá po.

Àṣàkẹ́ ń wò ó bó ṣe ń yí. "Ayọ̀díjí," ló wí nígbà tó yá, "ṣé bó ṣe máa ń ṣe àwọn èèyàn nìyí?"

"Bó ṣe máa ń ṣe wọ́n nìyẹn, màmá mi."

Àṣàkẹ́ dé agolo náà. Ojú tì í, ó sì hàn. Wàlíyátù mú oògùn olómi yẹn jáde nínú yàrá, ó sún mọ́ ọn, ó ń fi òwú ta á sí i lápá. "Màmá, ìpara yín dára fún orúnkún tó bá ń dunni. Ibi tó ń yún tàbí ibi tó bó nìkan ni kò gbọdọ̀ dé."

"Orúnkún mi ń dùn mí lóòótọ́, ọmọ mi," ni Àṣàkẹ́ wí. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní ọmọ.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, gbogbo wọn jókòó sábẹ́ máńgòrò, oògùn aláwọ̀ òdòdó ní apá, oògùn ní ọrùn, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú lọ ṣe eré. Làmídì gbé apá tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ apá Ayọ̀díjí. Ọ̀kan náà ni wọ́n rí.

"Mùkáílà, wá wò ó. Ṣé ẹ̀tẹ̀ ti mú èmi náà nìyí?"

"Ó ṣì ku ọ̀rọ̀ wèrè," ni Mùkáílà kùn.

Nímọ́tà bú sẹ́rìn-ín. "Wèrè wo? Bàbá Wàlíyátù, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá ra iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi lójoojúmọ́ ayé, títí ìyá mi fi bi mí pé ṣé iyọ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ nílé yín? Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ṣebí odidi ìkòkò iyọ̀ ni mo bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Làmídì wolẹ̀. Ẹ̀rín ń jà lẹ́nu rẹ̀, kò sì rí i pa mọ́. Ó wá kọjú sí Ayọ̀díjí.

"Ayọ̀díjí, irọ́ lo pa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì wá fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú wa, nígbà tó o mọ̀ pé yóò tì ọ́ lójú. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn, mo lè fọmọ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n má tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé mi mọ́. Bí o bá fẹ́ rí ọmọ mi, wá, kí o sọ pé o fẹ́ rí i." Ó yíjú sí Wàlíyátù. "Ìwọ ńkọ́? Ẹni tó ń tàn ọ́ láti ọjọ́ yìí, ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

Ayọ̀díjí gbójú sókè wò ó.

"Bàbá, kò tàn mí," ni Wàlíyátù wí. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì. Wèrèpè kì í yan apá òsì. Ibi tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lè dé nìkan ló máa ń yún un. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ta ìpara fún un mọ́. Omi, ọṣẹ àti oògùn tó ń tu ara lásán ni mo ń fún un."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

Wàlíyátù fi ìka ta etí ìbòrí rẹ̀. "Bí mo bá sọ, kò ní wá mọ́."

Ayọ̀díjí wò ó, ojú rẹ̀ sì kún fún omi, kì í sì í ṣe wèrèpè ló fà á. Mùkáílà ló wá mí kanlẹ̀, aṣọ tútù ní ọrùn rẹ̀.

"Ìwádìí mi parí," ló wí. "Àwọn méjèèjì ló ya wèrè. Ẹ so wọ́n pọ̀, kí wọ́n má baà ran ẹlòmíràn."

Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn iṣu tuntun. Nígbà tí ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e pé, Ayọ̀díjí sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù oògùn lójú ọ̀nà Ìwó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níta, ara rẹ̀ dán, kò sì mú iṣu tàbí oyin dání. Aránṣọ ọ̀ọ́kán dá ẹ̀rọ dúró láti wò ó.

Wàlíyátù wà lórí bẹ́ǹṣì. "Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Kí ló ń ṣe yín lónìí?"

"Kò sí ohun tó ń ṣe mí," ni Ayọ̀díjí dáhùn, ahọ́n rẹ̀ kò sì wúwo rárá. "Ìwọ ni mo wá rí."

Wàlíyátù sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, ó fún un láyè, Ayọ̀díjí sì jókòó.